Ìbuwọ́lùwé Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Bí kì í bá ṣe tìtorí mi, kì bá tí buwọ́ lù ú.

Ọ́fíìsì kan tó ń ṣètò ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Enugu nígbà náà. Ìjọba ló ni ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni yóò kọ́ ọjà tuntun sórí rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti bá àwọn ọlọ́jà tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè buwọ́ lùwé pé àwọn gbà láti kó kúrò, kí wọ́n sì padà wọlé nígbà tí ọjà tuntun bá parí. Ọjà kékeré ni, kò jìnnà sí àdúgbò Gariki. Bí òjò bá ti rọ̀ ni ẹrẹ̀ ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ń ta òwú àti bọ́tìnì fáwọn télọ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lọ́mọ ọwọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, òun kò gbọ́ Yorùbá. Pijin la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Kò pè mí ní ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí. "Ọmọ mi" ló ń pè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Achara Layout. Mo tẹ́ àwòrán ọjà tuntun náà lé e lórí itan: òrùlé gíga, omi ẹ̀rọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Ó wò ó títí.

"Ọmọ mi, ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an, ṣé o gba àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ gbọ́?"

"Mo gbà wọ́n gbọ́, Mama."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Mo gbà wọ́n gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà táwọn obìnrin tó kù rí i pé Mama, tó jẹ́ àgbà wọn, ti buwọ́ lùwé, wọ́n tẹ̀lé e. Katapílà wó ọjà náà, wọ́n fi páànù yí ilẹ̀ náà ká. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà lórí ẹni tí yóò ṣe ọ̀nà àti gọ́tà. Ìpàdé lórí ìpàdé, títí ilé-iṣẹ́ náà kò fi rán ẹnikẹ́ni wá mọ́. N kò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé àwọn obìnrin yẹn ńkọ́. Èmi náà kò béèrè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ mi tí wọ́n jọ ń tajà sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ìyàwó ọmọ rẹ ló tà wá." Ọkọ mi ló sọ ọ́ fún mi. Mama kò sọ ọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Ó ń ṣa bọ́tìnì ní pálọ̀, ó ń to àwọn tí àwọ̀ wọn bára mu pọ̀.

"Dìde," ó ní. "Ìwọ kọ́ lo wó o." Ó ju bọ́tìnì kan sáàárín àwọn tó ti tò. "Ṣùgbọ́n má bá mi sọ̀rọ̀ ọjà mọ́."

A kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi padà sí abúlé rẹ̀, tó sì kú síbẹ̀. Páànù ṣì yí ilẹ̀ náà ká, koríko ti bo ilẹ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn wá síbi ìsìnkú. Ó sunkún ju gbogbo wa lọ. Mo nawọ́ sí i. Ó kọjá lára mi, ó lọ jókòó ti àwọn obìnrin yòókù.