Mùsítúrà Oníjàánu àti Maṣíìnì Tòkunbọ̀

Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òkokomáíkò, tó sì gba ọ̀nà tó lọ sí Ìbà, yóò rí ṣọ́ọ̀bù onípákó méjì níwájú ilé kan tí wọn ò tíì kùn lọ́dà. Florence télọ̀ ló ni ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló ti ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Mùsítúrà ló ni èkejì. Kò sí àkọlé lójú ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjánu ẹṣin kan wà tó fi kọ́ sára ìlẹ̀kùn, awọ rẹ̀ sì ti dúdú bí èèpo àgbọn tó gbó. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń dúró wò ó.

Wọ́n á ní, "Ìyá, ẹṣin yín ńkọ́?"

Mùsítúrà á dá wọn lóhùn láìgbójú sókè. "Ó lọ ra epo."

Kò sí ẹṣin ní àdúgbò yẹn lóòótọ́. Àwọn tó ń fi ẹṣin gbé èèyàn rìn létí òkun ló máa ń wá tún okùn awọ tó já ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, àti àwọn ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ kí ọba wọn lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Mùsítúrà sí, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe gàárì àti ìjánu. Bàbá rẹ̀, Àkànbí, kò ní ọmọkùnrin tó dúró ti iṣẹ́ náà, ló bá kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí Mùsítúrà bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì sẹ́rù kó tó wá kan aṣọ.

Bàbá Àkànbí kò fi maṣíìnì rán awọ rí. Abẹ́rẹ́ méjì ló fi ń rán an, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, àwọn méjèèjì á sì gba inú ihò kan náà kọjá lára wọn, bí ọ̀rẹ́ méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á fa òwú náà gba ara ìda oyin, síwá sẹ́yìn, títí òwú á fi máa dán. "Òwú tí kò bá jẹ ìda, òwú aṣọ ni," ló máa ń wí. "Ẹṣin á kàn fi ṣeré ni." Bí wọ́n bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìda kúrò lára ìka rẹ̀ kó tó ṣe àlùwàlá, torí ó ní omi kì í dé ibi tí ìda bá wà. Ìró ọ̀bẹ náà kò ju ti eku tó ń rún ìwé lọ. Títí di òní, bí Mùsítúrà bá rántí ilé wọn ní Ọ̀yọ́, ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kó tó wá rí ojú bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Mùsítúrà ti ń kọ iṣẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, làkúrègbé sì ti wọ oríkèé ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó máa ń fà kọjá láìwò ó tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń fi eyín fà.

Ó ku oṣù méjì kí Iléyá dé nígbà tí Adébọ̀wálé wá láti Ìjẹ̀bú. Bàbá ọkùnrin yìí ló ń ra ìjánu lọ́wọ́ bàbá Mùsítúrà nígbà ayé wọn, àwọn ọmọ wọn sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹṣin mẹ́fà ni lọ́dún yìí o. Ìjánu, okùn àyà, okùn abẹ́ ikùn, gbogbo rẹ̀ pátá."

"Mẹ́fà? Ṣé ogun lẹ fẹ́ lọ jà ni?"

"Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sí ìka obìnrin náà tó wú. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá. Àwọn àbúrò mi ní ká lọ ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé ẹ ó lè ṣe é?"

Mùsítúrà fi ọwọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀. "Màá ṣe é."

Bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán ni Florence yọjú láti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. "Ìyá Ìdírísù, ìka wo lẹ fẹ́ fi ṣe é? Tèmi?"

Mùsítúrà ń wo ìka tirẹ̀. Ó ń ronú pé kò sẹ́ni tó ń ṣe ìjánu mọ́ nílé wọn ní Ọ̀yọ́. Bí ilé Adébọ̀wálé bá fi ìjánu rọ́bà gun ẹṣin lọ́dún yìí, wọn ò ní padà wá mọ́, iṣẹ́ ilé Àkànbí á sì parí sọ́wọ́ òun, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbà. Nígbà tó yá, ó ní, "Florence, ṣé maṣíìnì tìẹ lè rán awọ?"

Wọ́n dán an wò. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́. Florence ṣa wọn sínú agolo, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ o, kí sùtánà wòlíì má lọ di aláàbọ̀."

Òun náà ló pe Ṣọlágbadé wá, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún maṣíìnì àwọn télọ̀ ṣe ní Ìyànà Ìbà. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà wò, ó ká a po, ó tún tú u.

"Màmá, ẹ má kọ́kọ́ wo agbára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò."

Irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń pè ní ẹsẹ̀. Ó ní ti maṣíìnì télọ̀ kàn ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, eyín tó wà nísàlẹ̀ ló ń tì í lọ. Bí awọ bá ti nípọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti lọ, tòkè á ṣì dúró. Èyí tí Màmá nílò ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbéra, tó sì ń bá awọ rìn.

Mùsítúrà ní, "Bí ẹṣin."

Ṣọlágbadé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí ẹṣin, Màmá."

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ọjà Àlàbá. Àwọn tó ń ta maṣíìnì fẹ́ máa fi àkísà àǹkárá dán ọjà wọn wò, Mùsítúrà sì ń yọ awọ tirẹ̀ jáde nínú àpò, ìṣẹ́po mẹ́ta, ó ní èyí ni kí wọ́n rán fún òun. Ọ̀kan sáré bí ajá tí wọ́n ta lókò, ó sì fi eyín bu awọ jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òmíràn jẹ́ ti àwọn oníbàtà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Ó rán an dáadáa, ṣùgbọ́n òwú tí inú rẹ̀ ń gbà kéré débi pé á tán kí okùn àyà kan tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí maṣíìnì àgbà kan ní kọ̀rọ̀, aláwọ̀ eérú, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó ń tà á ní ìjókòó mọ́tò ni wọ́n fi ń rán lókè òkun. Mùsítúrà fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra, ó rìn, ó tẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ gba inú ìṣẹ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá láìkanra.

Ọmọ Íbò ni ọ̀gá tó ń tà á, Yorùbá ọjà ló sì fi ń yangàn. "Màmá, èyí lágbára ju ọkọ yín lọ."

"Ọkọ mi ti kú. Kò ní lè bá yín jiyàn."

Ojú ti ọkùnrin náà, ó yọ díẹ̀ kúrò lórí iye tó ti pè, wọ́n sì rà á.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Ṣọlágbadé fi tún un ṣe. Ó fi táyà irin ńlá kan sáàárín ẹ́ńjìnnì tó ń fi iná yí i àti maṣíìnì, kí iná mànàmáná má baà máa gbé e sáré. Ó fi ayùn wẹ́wẹ́ fá eyín ìsàlẹ̀ títí kò fi lè bu awọ jẹ mọ́. Ó wá fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rí bí ọ̀bẹ sí i, èyí tó ń la awọ dípò kó máa gún un. Nígbà tó ṣe tán, maṣíìnì náà ń lọ jẹ́jẹ́ débi pé èèyàn lè máa ka ihò kọ̀ọ̀kan.

Inú Mùsítúrà dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìda bàbá rẹ̀ jáde, èyí tí òwú ti fà lára títí ó fi ní ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́, ó tú òwú tuntun náà sílẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ jẹ ìda. Ó ń ṣe é, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Oòrùn ti kàn án lórí kó tó parí.

Nígbà tó wá tẹ maṣíìnì, ìwọ̀n ìka kan péré ló rán dáadáa. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ihò. Òwú fà ya. Ó yí awọ náà padà, ó bá a tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó tún òwú fi bọ abẹ́rẹ́, ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ pàápàá, kò gbọ́. Awọ kì í sì í ṣe aṣọ. Ihò tó bá ti wọ̀ ọ́ kì í dí mọ́. Títí di ọjọ́ kẹta, okùn àyà méjì ti bàjẹ́. Ó wá rántí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nígbà kan tí oníbàtà kan wá fi maṣíìnì rẹ̀ yangàn fún un: "Maṣíìnì mọ bàtà. Kò mọ ẹṣin."

Ó mú fóònù. "Mo fẹ́ pe Adébọ̀wálé kó lọ ra rọ́bà."

Florence yọjú wọlé, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó tún nǹkan ṣe la kọ́kọ́ ń pè. Ẹ jókòó."

Nígbà tí Ṣọlágbadé dé, kò bá maṣíìnì wí. Ó fa òwú, ìka rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbóòórùn ìka náà.

"Màmá, kí lẹ fi sára òwú yìí?"

"Ìda oyin. Òwú tí kò bá jẹ ìda, òwú aṣọ ni."

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tú àwo irin kékeré méjì tó ń di òwú mú, ó fi han obìnrin náà. Ìda ti dì sáàárín wọn. "Abẹ́rẹ́ ń gbóná bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìda ń yọ́ dí ojú rẹ̀, èyí tó kù sì ń dì síbí. Òwú ò rí ọ̀nà kọjá ni."

Florence ní, "Ẹ ti fún un ní oúnjẹ kó tó débi iṣẹ́. Oorun ló ń kùn ún."

Mùsítúrà wo ìda tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé kí n má wá lo ìda mọ́ nìyẹn?" Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má dárúkọ bàbá rẹ̀ mọ́.

"N ò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin, Màmá. Mo kàn mọ̀ pé ìda ò gbọ́dọ̀ gba inú maṣíìnì yìí kọjá. Bí awọ bá ti kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ yín ló kù."

Mùsítúrà ń yí ìda náà lọ́wọ́. Kí tiẹ̀ nìdí tí bàbá òun fi ń fi òwú jẹ ìda? Kí òógùn ẹṣin má baà wọ inú ihò ni, kí òwú má baà jẹrà. Kò sọ pé ìda gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ó ṣáájú nítorí pé ọwọ́ ló ń rán an.

Láti ọjọ́ yẹn, òwú gbígbẹ ni maṣíìnì ń rán. Bí okùn kan bá ti parí, Mùsítúrà á tẹ́ ẹ sóòrùn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á fi ìda ra ojú rírán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, á sì fi egungun dídán tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò. Lẹ́nu ibi tí awọ ti so mọ́ irin, níbi tí ẹṣin ti ń fà jù, kò jẹ́ kí maṣíìnì dé ibẹ̀. Ó ń fi abẹ́rẹ́ méjì àti òwú oníìda rán ihò mẹ́wàá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́wàá ni ìka rẹ̀ lè gbà kí ìrora tó dé.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Iléyá dé nígbà tí Adébọ̀wálé padà wá. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu okùn àyà kan mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á sókè títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Okùn náà kò mira. Ó wá gbé e súnmọ́ imú, ó sì dijú.

Mùsítúrà ní, "Kí ló dé? Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa, Ìyá." Kò tíì gbé e kúrò nímú. "Bí yàrá tí bàbá mi ń kó ẹrù ẹṣin sí ṣe máa ń ta síni nímú gan-an nìyí. Mo rò pé mo ti gbàgbé ni."

"Maṣíìnì ló rán àárín rẹ̀ o. N ò ní purọ́ fún yín."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni."

Ó ká gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn. "Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àbúrò mi ni màá rán wá," ló wí. "Kí àwọn náà wá gbóòórùn."

Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́nà sọ̀nà Ìyànà Ìbà nígbà tí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Mùsítúrà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rẹ̀ ha ìda kúrò lára ìka rẹ̀ tó wú, jẹ́jẹ́. Lápá kejì pákó, maṣíìnì Florence dúró.

"Ìyá Ìdírísù, eku wà ní ṣọ́ọ̀bù yín o."

"Kì í ṣe eku," ni Mùsítúrà wí. "Bàbá mi ni."