Abẹ Ẹlẹ́nu Méjì

Ní àsìkò tí ogun ń kó ìlú bí ẹni ń kó àgbàdo, irin kò wọ́n lọ́jà Erùnmu. Àwọn ológun á da àáké, ọkọ́ àti ọ̀bẹ olóhun sílẹ̀ lórí ẹní. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ojú kò sì tì mí: èmi náà rà. Ọ̀bẹ adẹ́mu kan ni mo pọ́n di ohun tí mo fi ń họ etí ère. Òòlu oníṣẹ́ awọ kan ni mo fi ń dá ojú rẹ̀ lu.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò mọ̀. Kò gùn ju ìka lọ, ẹnu rẹ̀ sì yà sí méjì bí ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀. Mo bi ẹni tó tà á; ó ní irin ni òun ń tà, òun kì í ta ìtàn. Mo gbà pé ti àwọn tó ń fín igbá ni, mo sì fi ń ya irun orí ère, nítorí ilà méjì ló ń fà lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n irin náà ní ìwà. Bí mo bá tẹ́ igi sílẹ̀ bí mo ti ń ṣe láti kékeré, á yẹ̀. Àfi bí mo bá fi orúnkún há ère náà, tí mo di orí rẹ̀ mú gírígírí, kó tó wọlé wẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá pa èèkù rẹ̀, òórùn ìgbín ni ń jáde. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo máa ń wẹ̀yìn, bí ẹni pé olóhun dúró tó ń wo iṣẹ́ mi. Mo bú u pé bó bá ń bínú, kó wá gbà á. Ìyàwó mi ní kí n má fẹnu pe ohun tí n kò lè lé.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wá láti agboolé olórí ogun kan. Ẹrú ogun ni kí wọ́n tó fi ṣe aya. Ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ kú kí wọ́n tó kọlà fún un, ó sì fẹ́ kí n gbẹ́ ère rẹ̀. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan kan nípa àwọn ará ìlú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun kó ìlú náà, ẹnikẹ́ni kò sì rí òkú rẹ̀. Ìrètí yẹn ló fi ń jí láràárọ̀.

Mo nawọ́ mú irin ẹlẹ́nu méjì láti máa ya irun ère kan tó wà níwájú mi. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, níbo lẹ ti rí abẹ bàbá mi?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Ìyá ìbejì, irin àwọn tó ń fín igbá nìyí.”

“Olóólà ni bàbá mi. Abẹ yìí ló fi kọ ilà ojú mi. Omi ìgbín ni wọ́n fi ń tu ọgbẹ́ lára.”

Nílùú tiwa, ẹnu kan ni abẹ olóólà ní. Bí mo ṣe ṣì í mọ̀ nìyẹn. Obìnrin náà gbà á, ó fi ẹnu abẹ náà lé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó bá a mu régé.

“Ṣé bàbá mi ló tà á ni?”

Mo ní nínú ẹrù ogun ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé olóólà tó ń mí kì í fi abẹ rẹ̀ sílẹ̀. Inú bí mi sí ogun, sí ọjà, sí ọwọ́ ara mi. Mo ní kó máa mú un lọ. Ó dá a padà fún mi.

“Ẹ fi kọlà fún ọmọ mi. Bàbá mi kò rí i rí.”

Nígbà tí mo gbẹ́ ère náà tán, ilà ilé ọkọ rẹ̀ ni mo kọ sí i lójú, bó ti yẹ. Bí mo ti ń fà á, obìnrin náà ń rẹ igi náà lẹ́kún: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má sunkún. Ọwọ́ baba ńlá rẹ ni.”