Àwa Méjì Tí A Ò Jiyàn

Bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sàn-án Sátidé nígbà náà, àyà mi á já. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti dé láti Sekona nìyẹn, pẹ̀lú ẹrù ìwé wọn. Wọ́n ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n fẹ́ fi hàn pé sísè omi kànga ń dín ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kù, wọ́n sì sọ èmi tí mò ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì di òǹkàwé kejì.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò ìwé lásán, èèyàn lè ṣa iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó ti ṣáájú bó ṣe wù ú. Tiwọn yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ: a ó kọ́kọ́ ṣòfin irú iṣẹ́ tí a ó gbà, a ó wá gbogbo iṣẹ́ tó wà, ẹni méjì á kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí wọn ò bá ti fẹnu kò, wọ́n á jiyàn.

Kí wọ́n jiyàn kẹ̀! Èmi tí n kì í pe ọmọ tí mo bá nílé yẹn lórúkọ! Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ ka àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yàn sí mi létí, èmi náà á sì yàn bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń ju iṣẹ́ tó tako èrò wọn nù, bó tilẹ̀ bá òfin mu. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo di ìyàwó aláfojúdi. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ wọn bàjẹ́. Ìyá mi a máa ní adákẹ́-má-fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe. Ìyá mi ò gbé ilé ọkọ tèmi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ náà dá a padà. Ó ní ẹni méjì tí kò jiyàn rí, ẹnì kan ló kàwé; bí wọn ò bá tún un ṣe, oyè ti bọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó nílé ìdáná mi, wọ́n ń sunkún.

“Ìyàwó, ṣé o rí i nígbà tí mò ń ju àwọn iṣẹ́ yẹn nù?”

“Mo rí i, mà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fà mí dìde. “Jọ̀ọ́, bá mi jà.”

Mo bá wọn jà lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn iṣẹ́ tí a jù nù padà wọlé, ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́ sì di “kò tíì dájú.” Wọ́n gboyè.

Lónìí, tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé, mo lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti di ọ̀mọ̀wé pé, “Kò rí bẹ́ẹ̀, mà.” Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí àkọ́bí mi wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Sekona. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé rárá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé, mà.”