Tẹlifíṣọ̀n Wa Tó Ń Gbé Yàrá Kejì

Sídì márùn-ún ni kẹ́ńkẹ́ kan, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan tí a ń jẹ ní Ghana, lónìí ní Ashaiman tí mò ń gbé. Àwa tí a ti gbọ́njú kí ìjọba tó gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó, a kò tíì lè fi ìṣirò àtijọ́ sílẹ̀. Bí ìyá oníkẹ́ńkẹ́ bá ti ní sídì márùn-ún, orí mi á ti sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, inú á sì bí mi sí obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní àdúgbò Madina ní Accra, ọọ́dúnrún sídì là ń ra kẹ́ńkẹ́. Omi tútù inú ọ̀rá tí wọ́n ta ní kókó jẹ́ àádọ́ta. Ẹgbẹ̀ta sídì ni tróótró, bọ́ọ̀sì akérò, ń gbà gbé wa lọ sí àárín ìlú, a ó sì tún bá ọmọ ọkọ̀ jà lórí ṣéńjì. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ayé ìgbà yẹn dùn. Ó dùn fún àwọn tó wà nínú ilé. Èmi, ojú fèrèsé ni mo ti wo ayé ìgbà yẹn.

Yàrá kan ni àwa márààrún ń gbé: bàbá mi, ìyá mi, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí, àti àwọn àbúrò mi méjì. Agbo ilé oníyàrá mẹ́jọ ni, a jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan àti balùwẹ̀ kan. Ìyá mi ń ta ọṣẹ dúdú, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alátà sàmínà, nítorí Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, wọ́n sì gbà pé àwa la gbé ọṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá mi ń ta àgádágodo àti ìṣó ní ọjà. Ó ta àgádágodo fún ìdajì Madina, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan nínú yàrá tiwa tí olè lè tìtorí rẹ̀ já ilẹ̀kùn.

Òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, bẹ́ẹ̀dì onírin, àti gíràmafóònù onípákó ńlá kan. Kò sí èyí tó ṣe é gbé. Aládùúgbò kan ní òun á bá a tọ́jú wọn, àmọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra ni ọ̀gbẹ́ni náà ti fi àwo orin sí gíràmafóònù náà. Bàbá mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn lọ́rì. Nígbà tó dàgbà tó padà wá ṣòwò ní Accra, ó mú òfin kan bọ̀: "Ohun tí orí ò bá lè rù, kì í ṣe tiwa."

Ẹ má rò pé òwe ló ń pa. Bí a bá fẹ́ ra nǹkan, yóò ká aṣọ ṣe òṣùká, yóò gbé nǹkan náà rù níwájú ẹni tó ń tà á, yóò sì rin ogún ìṣísẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá yẹ̀ pẹ́rẹ́, ọjà ti tú nìyẹn. Ìkòkò kọjá. Ẹní kọjá. Tábìlì kò kọjá, nítorí náà orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ iléèwé. Lọ́dún kan tí ooru mú wa bí ẹni wà nínú ààrò, ìyá mi ra fáànù onídùúró kan láìsọ fún un. Bàbá mi gbé e rù. Ní ìṣísẹ̀ kẹsàn-án, irin fáànù náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì tà á lọ́jọ́ kejì ní ìdajì owó. Ìyá mi kò bá a jà. Ó kàn mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà.

Mo kórìíra òfin yẹn. Mo ń sọ ọ́ gbangba báyìí nítorí mi ò lè sọ ọ́ nígbà náà. À ń gbé bí èrò tó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ ní ibùdókọ̀: ọkọ̀ kò dé, wọn kò sì jẹ́ kí a dìde kúrò lórí ẹrù.

Yàrá tó kángun sí tiwa jẹ́ ti obìnrin Gà kan, ọmọ onílùú Accra, tí a ń pè ní Màámì Oníáìsì, nítorí ó ní fíríìjì, omi tútù ló sì ń tà. Ọkọ rẹ̀, ará Kumasi, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema, kì í sì í wálé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù. Lọ́jọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère dé yàrá rẹ̀, àlòkù láti ìlú òyìnbó, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún. Gbogbo ọmọ agbo ilé ń wọlé lọ jókòó sílẹ̀. Bàbá mi kò gbà kí àwa wọlé. Ó ní ọmọ tó bá ń jókòó sí yàrá onílùú, kò ní pẹ́ gbàgbé pé àlejò lòun. Ṣùgbọ́n kò lè ní kí a má dúró síta, nítorí gbogbo wa la jọ ni ìta. Nítorí náà, ojú fèrèsé ni mo wà, imú mi láàárín gíláàsì méjì, tí mò ń wo eré èdè Twi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọkùnrin onísòkòtò ńlá tó ń fi Twi ràápù ní Sátidé, àti àwọn fíìmù Mẹ́síkò tí àwọn obìnrin arẹwà ti ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá mi náà máa ń wá dúró lẹ́yìn mi. Twi rẹ̀ kò kọjá ti ọjà, nítorí náà ó máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti rín tán. Ti Mẹ́síkò ni kò nílò ògbufọ̀ fún. Ó máa ń bá wọn sunkún náà ni. Ó tilẹ̀ hun ìbòrí òwú funfun kan fún tẹlifíṣọ̀n náà, irú èyí tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n Accra ń dé bí fìlà nígbà náà. Mo rò pé ìfẹ́ aládùúgbò ló ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ kan tì mí kúrò lójú fèrèsé, mo sunkún wá bá a níbi tó ti ń gé ọṣẹ. Mo ní kí Màámì Oníáìsì máa bá tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ, mi ò wò ó mọ́.

"Tẹlifíṣọ̀n ta ni?" Ìyá mi wo ẹnu ọ̀nà kó tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tiwa ni. Èmi ni mo rà á. Èésú ọdún méjì ni mo kó lé e lórí. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, wọ́n á tà á bí wọ́n ṣe ta fáànù. O ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi o."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba sídì ló rà á. Lówó òde òní, ogún sídì nìyẹn, owó wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, abọ́ kan tó ní ẹyin àti ẹja lórí. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń jẹ wáákyé.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Kí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Tẹ́lẹ̀, ọmọ aláìní tó ń yọjú ni mí. Nísinsìnyí, ẹni tó ni nǹkan ni mí, mo sì tún ń yọjú. Bí ọmọ kan bá fọwọ́ kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo máa ń pariwo láti ìta pé kó fi sílẹ̀. Wọ́n á wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ṣé bàbá ẹ ló rà á, Alátà?" Mo máa ń ti imú mi padà sáàárín gíláàsì méjì ni.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà dé, bàbá mi fúnra rẹ̀ wá sójú fèrèsé. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí olùṣàyẹ̀wò. Nígbà tí eré parí, ó dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ Màámì Oníáìsì. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, Màámì. Onílùú ló ń ra irú èyí. Kò yẹ àlejò." Màámì Oníáìsì kàn ń wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ọkọ Màámì Oníáìsì kú lójijì. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ọkọ gbé mọ́tò akẹ́rù wá ní ọ̀sán Sátidé kan. Nínú àṣà tiwọn, àwọn ìdílé ìyá olóògbé ló ni ẹrù rẹ̀. Òfin ìjọba ti sọ pé kí wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún opó, ṣùgbọ́n òfin wà ní kóòtù, mọ́tò ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé àga. Wọ́n yọ fíríìjì kúrò lára iná, omi áìsì ń ṣàn sílẹ̀ káàkiri àgbàlá, gbogbo wa ará ilé sì dúró, à ń wò.

Ìgbà tí wọ́n dé ìdí tẹlifíṣọ̀n ni opó náà tó la ẹnu. Ó dúró síwájú rẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ti ọkọ mi."

Bàbá àgbàlagbà tó kó wọn wá bi í pé, "Ta ló ni ín? Ṣé omi tútù lo fi rà á?"

Màámì Oníáìsì kò purọ́. Ó yíjú, ó wo ìyá mi. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi níbẹ̀, ó ń mi orí, àánú opó ń ṣe é. Mo rí i tí ètè ìyá mi là. Ó wo bàbá mi. Ó wo gbogbo ojú tó wà ní àgbàlá. Ó pa ètè náà dé.

Èmi ni mo wá la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, ọwọ́ ìyá mi ti bà lé mi léjìká, ọwọ́ tó ń ta òórùn ọṣẹ, ó sì tẹ̀ mí títí ó fi dùn mí wọ egungun. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà ju bí inú ṣe ń bí mi sí bàbá mi lọ. Mo ti wá dàgbà, mo sì gbà pé kì í ṣe nítorí kí wọ́n má tà á ló ṣe dákẹ́. Ojú bàbá mi ló ń dáàbò bò. Kò fẹ́ kí gbogbo agbo ilé rí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ní láti lọ fi ohun ìní pamọ́ fún lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Màámì Oníáìsì mí kanlẹ̀. Ó yọ ìbòrí òwú náà, ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gbé tẹlifíṣọ̀n náà. Omi áìsì ló fà á tí ẹsẹ̀ ọ̀kan fi yọ̀, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà fọ́ mọ́ àtẹ̀gùn. Bàbá mi fò síwájú. "Ẹ má fọ́ ọ o! Kò ṣẹ̀ yín!" Kò lè fara da kí wọ́n máa ru ẹrù láìbìkítà. Ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn, ó ká a ṣe òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gbé e rù mí."

Wọ́n gbé e rù ú. Ìyá mi wà lójú ọ̀nà, ìbòrí òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yà fún mi, ìyá àwọn ọmọ."

Ìyá mi yà fún un. Mo ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, nítorí bí ó ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó kọjá mẹ́sàn-án. Ó kọjá ogún. Mẹ́tàlélógójì ni mo kà kó tó dé ìdí mọ́tò, ọrùn rẹ̀ kò sì yẹ̀ nígbà kankan. Ìyá mi wọlé lọ gé ọṣẹ.

Màámì Oníáìsì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹlòmíràn gba yàrá náà, ó sì ta kọ́tìnì tó nípọn sójú fèrèsé. Ìyá mi kò dárúkọ tẹlifíṣọ̀n mọ́ títí ó fi kú, kò sì tún ra ohun tó wúwo. Mo ṣèlérí fún un níkẹyìn ayé rẹ̀ pé mi ò ní sọ fún bàbá mi. Ìlérí náà ti dè mí mọ́lẹ̀ ju òfin bàbá mi lọ.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ashaiman báyìí, ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Mo ní tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan; ìṣó mẹ́rin láti inú ìsọ̀ rẹ̀ ni mo fi kàn án mọ́ ògiri. Iwájú rẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Ìbòrí òwú ìyá mi kò bá tẹlifíṣọ̀n òde òní mu, nítorí náà ẹ̀yìn àga bàbá mi ni mo tẹ́ ẹ sí. Kò béèrè rí ibi tí mo ti rí i. Bí àlejò bá dé, yóò nawọ́ sí ògiri, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn tẹlifíṣọ̀n tó gbé rù ní Madina, bí àwọn ọ̀dọ́ kò ṣe lè gbé e, bí òun ṣe gbé e láìdúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kò rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Ó gbé orí lé ìbòrí náà, ó sì yíjú sí mi.

"Kò wúwo rárá, ọmọ mi. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti ra ọ̀kan fún ìyá rẹ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo mú rìmóòtù, mo bá a gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.