Alẹ́ Tí Ìrì Gba Bọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Mi

Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, èyí tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni wọ́n gbé sí ẹ̀yìn ògiri pápá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin wa ti máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì l'Abẹ́òkúta. Ó ń kùn bí ẹni tí inú ń bí, wáyà rẹ̀ sì gba orí koríko kọjá lọ síbi àwọn òpó gíga tí wọ́n so iná mọ́. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lọ lẹ́yìn àwọn àpáta, tí iná náà sì ń mọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, koríko tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yí àwọ̀ padà mọ́ mi lójú. Ó rẹwà, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹwà rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Inú oòrùn ni mo ti kọ́ eré náà. Ẹni tí ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù ni mí. N kì í sáré púpọ̀ kí n tó jù ú, n kì í sì í jù ú kíkankíkan. Ìka ni mo fi ń lọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé bó bá ti balẹ̀ níwájú ẹni tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú, á yà bàrá sí ibi tí onítọ̀hún kò retí, á sì lọ bi àwọn igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wó, eré onítọ̀hún parí nìyẹn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bí eré bá wọ ọjọ́ kejì, tí oòrùn ti pa ilẹ̀ títí tó fi sán, ìgbà náà ni wọ́n máa ń wá mi. Balógun ẹgbẹ́ wa á sọ bọ́ọ̀lù sí mi lọ́wọ́, á ní, "Ọmọ Láfẹ́nwá, ilẹ̀ ti jinná o." Kò sí oríkì tó dùn mọ́ mi nínú tó ọ̀rọ̀ kékeré yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ń pè ní Ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, abúlé wọn sì wọ inú díẹ̀ sí títì Ìbàdàn; òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé. Ọjọ́ kan náà la wọ ẹgbẹ́. Ó ga, ó lẹ́sẹ̀, láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń sáré bọ̀ kó tó fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, tààrà ni bọ́ọ̀lù náà ń lọ, àwọn tó ń gbá a sì mọ ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n á gbá a dé ẹ̀yìn pápá, òun á rẹ́rìn-ín, á sì tún padà lọ sáré. Bí eré bá parí, èmi àti ẹ̀ á jọ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lórí ìdúró níwájú géètì, á máa sọ bí mo ṣe dárà fún mi bí ẹni pé èmi ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Bóyá nítorí pé n kò tíì rí ìdí kankan láti jowú rẹ̀ ni.

Kóòṣì wa ló gbé ọ̀rọ̀ alẹ́ wá. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní Tẹ́sìtì, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì àgbà tí wọ́n ń fi ọjọ́ márùn-ún gbá láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀sán, àwọn ará òkè òkun ti ń gbá a mọ́ alẹ́ nígbà mìíràn báyìí. Ó ní bọ́ọ̀lù pupa kì í hàn dáadáa lábẹ́ iná, píǹkì ni wọ́n ń lò.

"Ta ló ń wò yín lọ́sàn-án?" ó bi wá. "Ewúrẹ́ àti ọlọ́dẹ. Àwọn èèyàn wà níbi iṣẹ́. Tó bá di alẹ́, wọ́n á wá, oòrùn ò sì ní pa ẹnikẹ́ni."

Tiwa ò ní gba ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ méjì ni, Sátidé àti Sọ́ńdè, láti ọ̀sán títí iná á fi tàn, àwa àti ẹgbẹ́ obìnrin kan láti Ìbàdàn. Àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa náà sì ní àwọn ń bọ̀ wá wò wá.

Ohun tó mú mi gba alẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ rárá. Ìyá mi ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ike ní Láfẹ́nwá, níbi tó ti ń ta korobá, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì, kò sì sí ọjọ́ tí kì í ṣí i. Láti ìgbà tí mo ti ń gbá eré yìí, kò tíì fojú kàn án rí. Bí mo bá délé, á wo eruku ara aṣọ mi, á ní, "Ṣé ẹ borí?" Bí mo bá ní a borí, á ní, "Alhamdulilahi," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nígbà tí mo wí fún un pé alẹ́ la ó gbá eléyìí, ó gbé ojú sókè kúrò lórí ìṣirò ọjà rẹ̀. Ó ní, "Alẹ́ kẹ̀? Bí mo bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, mo ń bọ̀." N kò lè sọ fún ọ bí mo ṣe sun lóru ọjọ́ yẹn. Mò ń rí i lójú ara mi: bọ́ọ̀lù tí mo jù á yà bàrá, igi á ṣubú, ìyá mi á dìde.

Àwa la kọ́kọ́ gba igi ìgbábọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sátidé, a sì ṣe dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ ló kan àwọn ará Ìbàdàn láti gbá tiwọn. Àkókò kan wà láàárín ìrọ̀lẹ́ sí alẹ́, tí oòrùn ti lọ, tí iná kò sì tíì borí òkùnkùn. Àkókò yẹn ni wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi ní bọ́ọ̀lù. Ó sáré wá bó ṣe máa ń sáré. Àfi bí bọ́ọ̀lù náà ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó lọ tààrà, tó sì dédé tẹ̀ lójú afẹ́fẹ́ bí àṣá tó rí òròmọdìyẹ. Ọmọ Ìbàdàn náà na igi sí ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, igi kan ti fò kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ̀rẹ́ mi ní èyí. Alẹ́ ló fún un. Òmíràn tún lọ bẹ́ẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Lóòótọ́ sì ni àwọn èèyàn wá: àwọn mẹkáníìkì tó ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, àwọn ọlọ́kadà tó gbé ọ̀kadà ti ògiri, àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ òfin eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé igi tó fò nǹkan ńlá ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, "Òṣíẹ̀lẹ̀! Òṣíẹ̀lẹ̀!"

Mo rí ìyá mi nígbà tó wọlé. Ìbòrí funfun tó fi kírun ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ẹni pé balógun náà rí i, ó ju bọ́ọ̀lù sí mi. Mo gbà á. Ìrì ti sẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà tutù, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tó bọ́ sómi. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo nù ún mọ́ ẹ̀wù, ìka mi ò rí ibi dì mú. Mo jù ú, kò yí. Ọmọ Ìbàdàn gbá a kọjá lórí mi. Mo tún jù ú, ó tún gbá a. Àwọn èsúnsún tí òjò àná tú sílẹ̀ ti bo àwọn iná náà, wọ́n ń bọ́ sí mi lójú, wọ́n ń wọ̀ mí lẹ́nu. Kò pẹ́ tí balógun fi rìn wá bá mi. Ó na ọwọ́, ó rọra ní, "Má bínú. Mú un wá." Ó gbé bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ mi, èmi sì lọ dúró ní etí pápá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí igi mìíràn tún fi fò. Nínú gbogbo ariwo náà, mo gbọ́ ohùn kan tí n kò lè ṣì gbọ́ láyé: "Háà! Ọmọ yìí mà mọ̀ ọ́n o!" Ìyá mi ni. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé owú a máa jóni bí iná. Tèmi ò jó. Ó tutù ni, ó jókòó sí mi láyà bí òkúta odò. Mo wo ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, mo sì rí i pé eyín rẹ̀ funfun jù. Mo jowú ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn. Mo jowú orúkọ ìlú rẹ̀, tó dùn lẹ́nu láti fi kọrin. Nígbà tí obìnrin kan lára àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ pè é sí kọ̀rọ̀, mo tẹríba, mo ń tú okùn bàtà tí kò há. Lọ́jọ́ kejì, ìrì tún ti dé kó tó kàn mí. A borí. Gbogbo èèyàn ń di mọ́ra wọn, ọ̀rẹ́ mi wá dì mọ́ mi, ara mi sì dúró gan-an bí pákó.

Lọ́sẹ̀ yẹn, kóòṣì pè wá jọ láti pinnu bóyá ká máa gbá a lálẹ́ lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní adùn eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni pé ilẹ̀ ń darúgbó: ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń jù ú kíkan, ìkẹyìn jẹ́ tiwa tá a ń yí i. Bí ìrì bá ń rin bọ́ọ̀lù, ta ni yóò fún wa ní ìpín wa? Mo ní ẹgbẹ́ tó bá gba igi nírọ̀lẹ́ ti kó sí wàhálà tí ẹgbẹ́ ọ̀sán kò rí. Mo sọ ti èsúnsún, mo sọ ti owó epo, mo sọ ti àwọn tí kì í rí ọkọ̀ padà sílé. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, bí mo ti wí i náà ló rí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ òkúta inú àyà mi nínú ohùn mi.

Ọ̀rẹ́ mi ò bínú. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní ọ̀sán láti ọjọ́ tá a ti débí. Kíláàsì ni mo máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń gbá ti àárín ọ̀sẹ̀, lórí fóònù ni mo ti ń gbọ́ èsì. Mi ò bá ọ du ọ̀sán rí. Ṣé alẹ́ kan ṣoṣo náà pọ̀ jù fún mi ni?"

Kóòṣì ní ká lọ rò ó, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mò ń bá ìyá mi to korobá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn wí i wéré pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbá a lálẹ́ mọ́. Ó dúró.

"Kí ló dé? Èmi náà á wá máa lọ wò ó báwo?"

"Ẹ ṣáà ti rí ọmọ tó mọ̀ ọ́n," mo ní. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi.

Ó wò mí dáadáa. "Wọ́n pariwo, mo bá wọn pariwo. Ṣé mo mọ eré ọ̀hún ni? Ìwọ ni mò ń wò. O dúró létí pápá, ò ń nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. Wọ́n gbé omi yí ká, gbogbo wọn mu, ìwọ ò mu. Mo ní kí n gbé omi wá fún ọ, ọlọ́dẹ ní mi ò lè wọbẹ̀. Kí ló dé tó ò mu omi?"

Mo gbé korobá kan lé òmíràn, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní ìpàdé kejì, mo nawọ́ sókè fún alẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé ọ̀sán la ó máa gbá lọ́pọ̀ ìgbà, alẹ́ nígbà mìíràn, bí àwọn ará òkè òkun náà ti ń ṣe. Ìpínlẹ̀ mú ọ̀rẹ́ mi, wọn ò mú mi, wọn ò sì mú mi títí mo fi kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo sìn ín dé gáréèjì lọ́jọ́ tó ń bá ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ lọ síbi ìdíje, mo bá a gbé báàgì, inú mi dùn fún un, owú rẹ̀ sì ń jẹ mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Wọn kì í lé ara wọn. Inú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, àfi kí onílé mọ èyí tí yóò fún láyè láti sọ̀rọ̀.

Gbogbo eré alẹ́ tá a gbá lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá mi wá. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, tí mo lọ dúró ní etí pápá, mo máa ń wá ìbòrí funfun náà láàárín èrò. Bí wọ́n bá sì gbé omi yí ká, mo máa ń mu ún, mo máa ń gbé ife náà sókè kó lè rí i.