Bàbá Rárá, Awakọ̀ Bàálù Tí Kì í Kánjú

Ìtàn tí gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ní pápá bàálù kékeré yẹn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Bàbá Rárá ni ti ọjọ́ tó sùn sábẹ́ bàálù. Ẹrù ti kún bàálù náà bámúbámú: òròmọdìẹ nínú páálí, taya, àti àpótí oògùn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù mìíràn lọ sọ́nà jíjìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Alága, tó ni ilé iṣẹ́ náà, sáré jáde láti ọ́fíìsì, fóònù létí.

"Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, ẹ tún máa lọ o. Oníbàárà ò jẹ́ n gbádùn."

"Rárá, sà."

"Kí ni rárá? Epo wà, ẹrù ti wọlé, òòrùn ń ràn. Kí ló tún kù?"

"Oorun ló kù, sà."

Alága ní òun máa lé e lọ. Bàbá ní kí ó lé òun, ẹni tí wọ́n lé ṣì lè délé láàyè. Ló bá tẹ́ tapólì sábẹ́ ikùn bàálù, ó bọ́ bàtà, ó fi fìlà bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tan ẹ́ńjìnnì lórí ẹni tó ń sùn. Alága ké sí ẹ̀ṣọ́ pé kó lọ jí i. Ẹ̀ṣọ́ wo ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri, ó wo Alága, ó ní, "Alága, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ bàálù."

Àwọn tó ń kó ẹrù gbé òròmọdìẹ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fún wọn lómi níbi ibòji, Alága sì ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Nígbà tí Bàbá jí, ó bọ́jú, ó yọ ojú láti abẹ́ apá bàálù, ó ní, "Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú dà?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Rárá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Àbúrò, awakọ̀ bàálù obìnrin tí Bàbá gbà síṣẹ́ gbẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn náà sọ ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Kó tó débẹ̀, ó ti wáṣẹ́ títí ó fi sú u. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń sọ pé kò tíì fò tó. Bí wọn ò bá jẹ́ kó fò, ìgbà wo ni yóò fò tó? Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń fi bàálù kẹ́rù nìkan ló ń gba irú wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti gbà síbẹ̀ á ru páálí fúnra rẹ̀, á fò bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́, á sì sùn síbi tó bá rí. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó wọkọ̀: "Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ẹ́, ṣáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Má padà wálé lọ́wọ́ òfo mọ́ o."

Bàbá Rárá ni Alága fi sídìí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ bá a ṣe é. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní ṣíṣí, Àbúrò sì gbọ́ bí ọkùnrin tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń fọ́nnu. Ọkùnrin náà ní òun lè fò nínú òjò, òun lè fò láìsùn, kódà bí apá bàálù kan bá já, òun á fi èyí tó kù balẹ̀.

"O káre," ni Bàbá wí. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Bàálù tiwa, apá méjì ló ní, a sì fẹ́ràn méjèèjì."

Ó wá kan Àbúrò. Gbogbo òru ló fi wọkọ̀ wá, ọrùn sì ń dùn ún. Bàbá kò wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rárá. "Ẹrù wà nínú bàálù, Alága ń dúró. Ṣé o lè gbé e lọ báyìí?"

Àbúrò rántí ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ló bá yán. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "bí ẹ bá lè ṣàánú mi, bóyá tó bá di ọ̀la, bí kò bá ní í ni yín lára..."

"Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Ṣé rárá ni àbí àdúrà?"

"Rárá ni, sà."

"Ẹni tó wà níta ò gbọ́."

"Rárá, sà!"

"A ti gbà ẹ́ síṣẹ́. Lọ sùn."

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún un. "Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ nílẹ̀ ni màá kọ́ ẹ. Wàá pe Alága ní 'ẹ', wàá fi 'sà' sí i, o ò ní jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n rárá ni wàá sọ. Àgbà ni Alága, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló dàgbà jù."

Ibi tó ní kó lọ sùn náà tó ìtàn. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni gbogbo awakọ̀ ń pín lò, ẹ̀gbẹ́ bátìrì tí wọ́n ń gba iná sí ló wà, àwọn irin rẹ̀ sì ti yọrí síta. Bàbá kò pariwo. Ó lọ bá Alága, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dùbúlẹ̀ lé e wò. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ń kẹ́ra jù." Alága dùbúlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sóhun tó ṣe bẹ́ẹ̀dì náà. Ìgbà tó fẹ́ dìde ló rí i pé ṣòkòtò òun ti há mọ́ irin. Mẹkáníìkì ló wá gé e sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bẹ́ẹ̀dì tuntun ti dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá kò fẹ́ gbọ́ sétí: "kò burú." Alága ló bi mẹkáníìkì lọ́jọ́ kan bí ẹ́ńjìnnì apá òsì ṣe wà. Mẹkáníìkì ní, "Kò burú," ìyẹn ni pé òun ti rí èyí tó burú jù ú lọ. Alága gbọ́ ọ sí pé kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó ń kó ẹrù gbọ́ ọ sí pé ó dàbọ̀, ló bá ti ilẹ̀kùn bàálù. Àbúrò ti nawọ́ láti tan ẹ́ńjìnnì kí Bàbá tó figbe ta.

"Kò burú, mo gbọ́. Ṣé ó dára?"

Mẹkáníìkì họ orí. "Àbí... kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ dára."

Wọ́n ṣí i, wọ́n rí i pé páìpù epo kan ti sán. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ṣòfin pé ẹni tó bá tún sọ "kò burú" níbẹ̀ ni yóò fọ inú bàálù tí wọ́n fi ń kó ẹja.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mẹkáníìkì fi bàtà rẹ̀ tó wúwo tẹ Bàbá lẹ́sẹ̀. "Ha, ẹ má bínú, Bàbá!" Bàbá ní, "Kò burú." Gbogbo wọn yíjú sí i. Bàbá wo ojú wọn yíká, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ní kí wọ́n gbé korobá wá. Bó ṣe ń fọ̀ ló ń jiyàn pé "kò burú" tí a sọ fún èèyàn kì í ṣe irú èyí tí a sọ fún ẹ́ńjìnnì. Kò sẹ́ni tó gbà fún un. Nígbà tó délé, òórùn ẹja ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Rárá."

Kì í ṣe bàálù ló pa Bàbá Rárá. Ó sùn nílé rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, kò sì jí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá, pé kí wọ́n má pariwo, bàbá wọn ń sinmi. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún Àbúrò. Kò lè sọ ọ́ dópin.

Ní ọjọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹrù ti kún bàálù, ojú ọ̀run sì ṣú dẹ̀dẹ̀. Fóònù Alága ń dún. Àwọn awakọ̀ dúró, wọ́n dorí kodò. Kálukú ń rántí bó ṣe pẹ́ tó kó tó ríṣẹ́ yìí. Àbúrò mọ̀ pé bí òun náà bá dákẹ́, bàálù yẹn yóò gbéra, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí láti ọjọ́ náà lọ.

Alága wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbé fóònù náà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa dákẹ́ ni? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo máa ń pariwo nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tí kò ní gbà fún mi. Ta ni yóò máa bá mi jà báyìí?"

"Èmi ni, sà," ni Àbúrò wí.

Alága fa àpótí kan, ó jókòó lé e, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ó yá," ló wí. "Bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n sì jà títí òjò fi rọ̀, tó sì dá, bàálù ò sì kúrò nílẹ̀.