Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lórí Máàpù

Màdáámù Máàpù ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àdúgbò tí òfin káńsù ti gba onílé láyè láti fi ilé háyà fún àlejò ọlọ́jọ́ méjì, ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn àdúgbò kan wà tí wọn ò gbà á rárá. Títì mìíràn wà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún nìkan ni òfin gbà, apá òsì á kàn máa wòran ni. Onílé tó bá sì ṣe é láìbéèrè, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni àlejò àkọ́kọ́ tó máa gbà.

Kó tó máa tẹ́ máàpù, aṣọ ló ń tẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Abẹ́rẹ́. Obìnrin náà fún un lóúnjẹ, ó fún un níbùsùn, ó sì ń gbá a lórí nígbà tó bá yẹ. Ó kọ́ ọ ní àmì kan: àgbélébùú kékeré tó ní ìlà lábẹ́, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fà síbi tí àlùmọ́gàjí máa gbà. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ rírán sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì méjì tí Màmá fún un ò kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ilé yòówù tí òfin bá gbà, àmì yẹn ló ń fà sí i lórí máàpù.

Onílé kan wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ilé mẹ́rin ló ní, ó fẹ́ mọ èyí tí òfin gbà. Káńsù ní ọ̀kan ṣoṣo ni, nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kó tó sàmì, kó lè mọ ẹni tó ń gbébẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kúkú mọ àdúgbò náà bí ẹní mowó. Ó sàmì, ó gbé máàpù fún onílé. Ọ̀lẹ ni, mo sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá Abẹ́rẹ́ pè é pé onílé ní kí òun kó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, bí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, torí àwọn oníbàárà ló ni ilẹ̀kùn iwájú. Àwọn kan ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú náà sílẹ̀, wọ́n ń kùn ún fún àwọn àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi wo ara ilẹ̀kùn ọ̀hún fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí nọ́ńbà rẹ̀: mẹ́tàdínlógún.

Màmá ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ní Màmá gbá òun létí ni, ara ì bá tu òun.

"Ìwọ lo mọ̀ nípa ilé," ni Màmá wí. "Bá mi wá yàrá kan níbi tí òfin ò ti gba àwọn àlejò yìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún lé mi."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Mà, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo júwe ilé yìí fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ilé yín ni."

Màmá fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó mú máàpù jáde. "Onílé mú un wá kí n lè rí i pé òfin ló wí. Mo ti rí àmì mi lórí ẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí. Kí ni mo ní kó o ṣe kó o tó sàmì sáṣọ?"

"Ẹ ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn, mà."

"Yàrá yẹn, bá mi wá a." Ó na ọwọ́. "Ṣùgbọ́n dá ṣọ́ọ̀kì mi padà."

Ẹ̀gbọ́n mi wá a nínú báàgì, ó sì fi méjèèjì lé e lọ́wọ́.